Amọ̀ Inú Sìmẹ́ǹtì Afeez

Ẹnu ya Hidayat. Géńdé kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú ló kúnlẹ̀ sídìí àpò sìmẹ́ǹtì tó tú, níbi tí bàbá Hidayat ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìkòsì. Ó ń fi ìka méjì ra á wò.

"Uncle, gààrí kọ́ o. Ẹ má fi sẹ́nu."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó sì gbàgbé láti gbé ojú náà sílẹ̀. Èmi ìyá àgbà Hidayat rẹ́rìn-ín títí ìdí ńlá mi fi ṣẹ́ àpótí tí mo jókòó lé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fà mí dìde. Ẹ̀yìn mi gan-an lọwọ́ wọn ti kọ́kọ́ kanra.

Afeez lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló rán an wá wo bí ọjà wọn ṣe ń ṣe lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rán an mọ́, ó ń wá.

Lọ́jọ́ tó wá sọ pé òun fẹ́ Hidayat, Múdàṣírù ọmọ mi, bàbá ọmọ, ń jẹun lọ́wọ́.

"Kí gan-an niṣẹ́ rẹ?"

"Sà, kí wọ́n tó sun sìmẹ́ǹtì níná, òkúta ẹfun, amọ̀, yanrìn àti òkúta onírin ni wọ́n ń pò pọ̀. Èmi ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye tí wọ́n máa bù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè lágbára, kí ìnáwó sì kéré jù lọ."

Òkèlè já bọ́ lọ́wọ́ Múdàṣírù. Láti ọjọ́ tó ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, òkúta nìkan ló rò pé wọ́n ń lọ̀.

"Amọ̀? Ìwọ lò ń bu amọ̀ sí sìmẹ́ǹtì mi, torí kí ìnáwó lè kéré? Dìde nílé mi."

Afeez ti ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Hidayat kúnlẹ̀.

"Dádì, ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ yẹn ńkọ́? Tòmátò ti wọ́n jù ní Mile 12. Mo dín in kù, mo fi tàtàṣé kún un, mo ń tọ́ ọ wò títí tó fi dùn. Láti oṣù tó kọjá ni. Ẹ ò mọ̀."

Múdàṣírù wo abọ́ rẹ̀ bí ẹni rí ejò. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ó dáa, mo gbọ́ ti ọbẹ̀. Ọmọ mi ńkọ́? Tó o bá rí èyí tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù ú lọ lọ́la ńkọ́?"

Hidayat náà yíjú sí Afeez. Òun gan-an fẹ́ gbọ́.

"Sà, ohun kan wà tí ìṣirò wa kì í fọwọ́ kàn, bó ti wù kó náni tó: agbára sìmẹ́ǹtì. Tí ìyẹn bá ti dín, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì mọ́. Ohun tí Hidayat jẹ́ fún mi nìyẹn."

Múdàṣírù sún abọ́ ọbẹ̀ náà sáàárín òun àti Afeez.

"Hidayat," ó ní, "bomi wá kí ọkọ ẹ ṣanwọ́."