Ẹni Tó Ka Ìwé Ọlásúnkànmí

Inú àpò ajílẹ̀ ni Ọlásúnkànmí di ìwé rẹ̀ sí. Òjò ti pa á lórí ọ̀kadà láti Ofiki dé Òkèhò, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé inú àpò gbẹ táútáú. Mùyìbátù, tó ń báni tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, wò ó títí, ó gbàgbé láti kí i káàbọ̀.

"Ìtàn ni," ni Ọlásúnkànmí wí. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí aṣojú òǹkọ̀wé, àwọn tó ń báni wá ẹni tí yóò gbé ìwé ẹni jáde."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mùyìbátù fi tẹ̀ ẹ́. Ó sunkún ní ojú ewé ogójì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka lẹ́tà tí Ọlásúnkànmí kọ sí aṣojú, ẹ̀rín pa á.

"O ní kò sí irú ìwé rẹ rí láyé. Ta ló bi ọ́ léèrè? Sọ ẹni tó wà nínú ìtàn, ohun tó ń wá, àti ohun tó dí i lọ́nà. Kó mọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni aṣojú ọ̀hún ni?"

"Èmi ni mo kà á tán."

Aṣojú mẹ́fà kò fèsì. Ìkeje ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà falẹ̀ jù. Ọlásúnkànmí fẹ́ jáwọ́.

"Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ibi tó kù sí fún ọ," ni Mùyìbátù wí, "òun lo wá ń bínú sí?"

Wọ́n gé ogún ojú ewé dànù, wọ́n tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ọjọ́ tí wọn ò bá gbóhùn ara wọn, Mùyìbátù á gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ofiki.

Bàbá Mùyìbátù, Alàájì Kàdírì, ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ra wọn. "Ẹni tó ń kọ àlọ́, kí ni yóò fi bọ́ ọ?"

Ọlásúnkànmí mú Alàájì àti Mùyìbátù lọ sóko iṣu rẹ̀. Alàájì rìn láàárín ebè títí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Iṣu rẹ dára. Ìwé yẹn ńkọ́, ta ló ń kà á?"

"Bàbá, èmi ni," ni Mùyìbátù dáhùn.

Alàájì wo ojú ọmọ wọn dáadáa. "Ó dáa," ni wọ́n wí.

Ní oṣù Kẹsàn-án, aṣojú kẹjọ kọ̀wé. Ó ní kí wọ́n fi odindi ìwé náà ránṣẹ́, kí òǹkọ̀wé sì sọ díẹ̀ nípa ara rẹ̀. Mùyìbátù jókòó ti kọ̀ǹpútà, Ọlásúnkànmí ń pe ọ̀rọ̀ náà fún un kó tẹ̀ ẹ́.

"Àgbẹ̀ ni mí ní Ofiki. Èmi àti ìyàwó mi la jọ tún ìwé yìí ṣe."

Ọwọ́ Mùyìbátù dúró. "Ìyàwó wo?"

"Olólùfẹ́ mi, tí kì í bá ṣe òótọ́, má tẹ̀ ẹ́."

Mùyìbátù tẹ̀ ẹ́ bó ṣe pè é gẹ́lẹ́, ó kàn fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú "ìyàwó mi" kó má baà sí àṣìṣe, ó sì fi ránṣẹ́.