Káfíńtà Tó Wọn Dókítà

Lẹ́búlẹ́bú pákó bo Lubwama dé ìpéǹpéjú lọ́jọ́ tí Dókítà Nakyanzi kọ́kọ́ rí i nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Kyotera, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, pósí tuntun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀.

“Ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínṣì mẹ́ta.”

“Ẹ má wọ̀n mí o, mi ò tíì kú!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Iṣẹ́ ló ti ba ojú mi jẹ́. Ọdún kejì rèé tí mo ti kan bẹ́ẹ̀dì kẹ́yìn.”

Ẹ̀gbọ́n mi ni Nakyanzi. Lọ́dún 1986 yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka àwọn tí Silimu, àrùn éèdì tó ń fa ènìyàn gbẹ, ti pa, kó sì wádìí bó ṣe ń ràn. Ṣùgbọ́n ilé tó bá wọ̀, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Lubwama, níbi tó ń fi pẹ́ńsùlù kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, ló ti bá òótọ́ pàdé: gígùn pósí kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó kàn án, ọjọ́ orí òkú. Àwọn ọ̀dọ́ ló kún ògiri náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Nakyanzi fi dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ì bá tó.

“Ṣé iṣẹ́ yìí ò níí tán ni, Dókítà?”

“Ìkọ̀wé yín ló burú. Mi ò tètè rí i kà.”

“Ó dáa. Màá tún bà á jẹ́ sí i.”

Ẹnikẹ́ni kì í bọ Lubwama lọ́wọ́ nílùú, torí òun ló ń gbé òkú Silimu sínú pósí. Nakyanzi ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń pariwo pé bíbọwọ́ àti jíjẹun pọ̀ kì í ràn án. Ó sì ń bọ Lubwama lọ́wọ́ lójú ọjà, ó ń pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Lubwama wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi láti fi ṣaya, bàbá wa fún un ní ẹní. Apẹ̀rẹ̀ èso kọfí gbígbẹ tí a fi ń gba àlejò, tí gbogbo wa jọ máa ń bù jẹ, kò jáde.

“Bàbá, kọfí dà?”

“Kò sí.”

“Nínú ilé tó ní oko kọfí?”

“Nakyanzi, ọwọ́ yẹn ló fi ń gbé wọn! Ṣé kó wá tì í bọ ibi tí èmi àti ìyá rẹ ti ń jẹ ni?”

“Ohun tí mò ń sọ lábúlé, ṣé irọ́ ni? Ẹ wà níbẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.”

“Abúlé nìyẹn. Ilé mi nìyí.”

“Tó bá jẹ́ irọ́ nílé yìí, irọ́ ni níbi gbogbo, màá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́la. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ wò mí.”

Ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wá, ó gbé e síwájú àlejò. Lubwama ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó mú èso kan, ó bó o. Hóró méjì ló wà nínú èèpo kan. Ó fi ọ̀kan sí Nakyanzi lẹ́nu, ó sì jẹ ìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi rún un kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Bàbá.

Bàbá ń wò ó bí ẹni tó ń dúró kó ṣubú. Kò ṣubú. Bàbá wa na ọwọ́, ó bu kọfí nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn kan náà, ó jù ú sẹ́nu.

“Káfíńtà, yàtọ̀ sí pósí, kí lo tún lè kàn?”

“Mò ń kan bẹ́ẹ̀dì kan lọ́wọ́, Bàbá.”

“Jẹ́ kó fẹ̀. Ọmọ yìí máa ń tàpá lójú oorun.”

Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti kúrò nílé. Mo ṣì ń gbọ́ bí kọfí yẹn ṣe ń fọ́ lẹ́nu bàbá wa.