Orin Tí Olúkúnlé Fi Gbẹ̀san

Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ọtí àti olè nìkan. Ọkùnrin kan wà ní Ìlá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orin pa ènìyàn lójú gbogbo ayé, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Olúkúnlé ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ alágídìgbo tí wọ́n máa ń pè sí òde láti Ìlá títí dé Iresi. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni bó ti ń yí ìlù padà láàárín orin kan ṣoṣo. Yóò bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí àwọn àgbà lè jáde. Tí ijó bá ti wọ̀ wọ́n lára, yóò gbá ara àpótí àgídìgbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Onísámbà àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ àmì náà. Ìlù yóò sáré lójijì.

Ní ọdún 1954, ó fẹ́ fẹ́ Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Bàbá Àlàó. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Mi ò bímọ fún alárìnkiri." Ọ̀rọ̀ náà bí Olúkúnlé nínú débi pé kò lè jẹun. Ó búra pé bàbá yóò mọ ẹni tí òun í ṣe.

Kò pẹ́ ni ìyá ìyàwó Bàbá Àlàó kú ní Ìgbájọ. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, wọ́n sì pe Olúkúnlé síbi ìnáwó òkú. Lọ́sàn-án, ó kan Bàbá Àlàó tí í ṣe àna láti jó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: tí wọ́n bá ti ki àna jáde, kò gbọdọ̀ kúrò lójú agbo kí orin tó parí, àfi tó bá fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Olúkúnlé mọ èyí. Ó sì mọ̀ pé ikọ́ fée ń bá bàbá jà.

Ó ki í jáde. Ìlù ń lọ jẹ́jẹ́, bàbá ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín. Olúkúnlé gbá àpótí lẹ́ẹ̀mejì. Ìlù sáré, òógùn bo bàbá. Ó tún dẹ ìlù náà, bàbá rò pé orin ti ń parí, ó nu ojú. Ni ó bá tún gbá àpótí! Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́. Olúkúnlé rí ọwọ́ náà. Ó tún fi kún eré. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí! Bàbá Àlàó ṣubú, èémí ò jáde mọ́ dáadáa.

Lọ́rì kan ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kejì, Alfred wá bá Olúkúnlé nílé. Òun ló máa ń lu sámbà fún un kó tó fi ayé rẹ̀ fún Jésù, ó sì wà lójú agbo lánàá.

"Alfred, mi ò fọwọ́ kàn án! Orin ni mo kọ."

"Irọ́ lò ń pa! Èmi lo kọ́kọ́ kọ́ ní àmì yẹn. Ṣé o rí ọwọ́ bàbá, àbí o ò rí i?"

Olúkúnlé fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó lé e.

"Mo bi ọ́!"

"Mo rí i."

"Ọlọ́run náà rí ọ. Ṣùgbọ́n Jésù kú fún irú èmi àtìwọ. Bẹ̀ ẹ́ báyìí, kó o tó dìde lórí àpótí tó o jókòó lé yẹn."

Olúkúnlé sunkún bí ọmọdé. Ó ké pe Jésù, ó sì gba ọsibítù lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá kọjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Olúkúnlé fi ń wá. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá ní, "Dìde. Bu omi fún mi."

Ní báyìí, Bọ́sẹ̀dé ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tí bàbá bá dúró mí, Olúkúnlé náà á dúró.

Ìwọ ńkọ́, tí ò ń ka ìwé yìí? Má wulẹ̀ bú Olúkúnlé. Ta ló gbé ọwọ́ sókè sí ọ, tó o ṣe bí ẹni tí kò rí i? Ìyàwó rẹ ni? Àbúrò rẹ ni? O mọ̀ ọ́n! Má sọ fún mi pé ó di ọdún Àjíǹde. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, lónìí. Gbé ọwọ́ tìrẹ sókè sí Jésù. Òun kì í ṣe bí ẹni tí kò rí i.