Ẹjọ́ Omi Ọ̀sẹ̀

Lọ́jọ́ tí àìsàn Ẹniọlá máa bẹ̀rẹ̀, ó kàn jí ni, ó ní ọ̀fun ń ta òun. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ikọ́ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì. Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ bó, ètè rẹ̀ wú, mímí gan-an wá di iṣẹ́ fún un. Orí ọ̀kadà ló kú sí, láàárín ìyá rẹ̀ àti ẹni tó ń wà á, nígbà tí wọ́n ń sáré gbé e láti abúlé wọn lẹ́yìn Alajue lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹdẹ. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti kú. Ó ṣì ń sọ fún un pé àwọn ti fẹ́ẹ́ dé.

Kí omijé tó gbẹ lójú ará ilé, Pẹ̀lúmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ọ̀ṣúndáre ni baálé ilé náà. Ọdẹ́wálé àbúrò rẹ̀ ló bí àwọn ọmọ méjèèjì, Olúwatóyìn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti àárín ìlú Ẹdẹ, sì ni ìyá wọn. Ẹni àgbà tó kù nínú ilé ni Ìyá Àrínọlá, ìyàwó tí baba wọn fẹ́ kẹ́yìn. Ìyá yìí kò bímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Ọ̀ṣúndáre kú sórí ìkúnlẹ̀ Ọdẹ́wálé, òun ló gbé ọ̀kan pọ̀n, tó fa èkejì lọ́wọ́, tó tọ́ wọn títí àwọn náà fi di baba. Ẹni tó bá dá a láṣà láti sọ fún Ọ̀ṣúndáre pé kì í ṣe ìyá rẹ̀, onítọ̀hún ń wá ìjà ni.

Òun náà ló ń tọ́jú Ọ̀ṣun ilé. Ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun, á bu omi odò láti inú ìkòkò, á fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ahá kọ̀ọ̀kan mu, á sì súre fún wọn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n mu omi ọ̀sẹ̀ ni ọ̀fun Ẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

"Ọwọ́ wọn ni Ẹniọlá ti mu omi!" Olúwatóyìn ń pariwo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Pẹ̀lúmi dorí kọ èjìká rẹ̀. "Ọwọ́ wọn náà ni èyí ti mu ún. Ẹni tí ò bímọ, kí ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

"Tóyìn, rọra," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí n rọra kẹ̀? Nígbà tí mo rọra, ṣé ọ̀kan ò kú?"

Ọdẹ́wálé ti dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bi í pé ẹ̀rí dà, wọ́n ní òfin ìjọba kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹyẹ àjẹ́ lẹ́sẹ̀. Ló bá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni baálé. Ẹ dá ẹjọ́ yìí. Àbí torí pé wọ́n tọ́ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀ṣúndáre lọ́kàn. Àwọn èèyàn ń wá láti ìlú Ara kó bá wọn parí ìjà ààlà oko, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ẹ̀rù wá bà á kí wọ́n má lọ sọ pé ó gbè sẹ́yìn ẹni tó fún un lóúnjẹ jẹ. Bí a bá máa sọ òótọ́, ìbẹ̀rù yìí ló dá ẹjọ́ náà. Ẹnu Ọ̀ṣúndáre ló kàn yá lò.

Wọ́n jókòó sójúde nírọ̀lẹ́. Ọ̀ṣunlọlá, aládùúgbò wọn tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan dá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú ọmọ, òwìwí ké lórí igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn yàrá Ìyá Àrínọlá. Ẹyẹ méjì mìíràn sì dá a lóhùn láti ọ̀nà odò.

"Mo ní háà, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Gbogbo ojúde mi orí. Òwe yìí ti lé obìnrin jáde nílé ju ìjà orogún lọ, kò sì sí ẹni tó bi í rí pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ dà.

"Ìyá," ni Ọ̀ṣúndáre wí, kò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, "ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Mi ò mọ nǹkan kan." Ìyá Àrínọlá ló fèsì bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí kò mọ irọ́ pa, àléébù rẹ̀ nìyẹn. "Àfi pé mo lálàá. Mo lálàá pé mo ń fò lókè odò, ara mi sì fúyẹ́."

Ariwo sọ. Olúwatóyìn fi ọwọ́ bo etí ọmọ rẹ̀. Ìyá náà na ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè, torí èmi náà fẹ́ mọ̀. Bí mo bá sùn, tí ohun kan jáde lára mi lọ ṣe é, tí mi ò rán an, tí mi ò mọ̀, ṣé èmi ni mo ṣe é ni, àbí kì í ṣe èmi?"

Ibi tó yẹ kí Ọ̀ṣúndáre ti ní òun kò mọ̀ nìyẹn. Ibi tó yẹ kó ti béèrè pé ta ló rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Ọdẹ́wálé wà lára rẹ̀, ojú gbogbo abúlé sì wà lára rẹ̀.

"Ẹni tó bá ru ẹrù," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ, "bó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí kò mọ̀, òun ló rù ú. Ọwọ́ tó bá pa ọmọ, bó mọ̀, bí kò mọ̀, ọwọ́ yẹn ló jẹ̀bi. Ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ sun inú ilé yìí mọ́."

Ìyá Àrínọlá kò sunkún. Ó ní òun gbọ́. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú ìborùn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e lọ sí Ara, sí ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n máa fún Pẹ̀lúmi ní omi ẹ̀kọ mu. Kí kẹ̀kẹ́ tó yà ní kọ́nà, Olúwatóyìn ti da omi Ọ̀ṣun sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fọ́ ìkòkò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n ti gbà pé irú àìsàn yẹn kì í ṣe ti dókítà.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbádùn. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọ̀ṣúndáre gbọ́ ariwo lẹ́yìn ilé. Ọ̀ṣunlọlá ni, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan, wọ́n ń na ìka sí ilẹ̀.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àjẹ́! Koríko pàápàá kú!"

Òótọ́ ni. Gbogbo ibi tí omi ìkòkò dé ni koríko ti gbẹ, ó pọ́n, ó sì wó lulẹ̀, nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ lérí. Ọ̀ṣúndáre nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fọwọ́ kan koríko náà. Ó ti rí irú koríko bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dọọdún ló ń rí i lóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó bá ti fọ́n kẹ́míkà apakoríko, tí oòrùn sì ti pa á.

Ẹ wò ó, èèwọ̀ ni nílé wọn kí omi ọ̀sẹ̀ bá rọ́bà pàdé. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú. Ìyá Àrínọlá ló ń ṣe é títí orúnkún fi dá a dúró. Ọ̀ṣúndáre wá gbà á ṣe, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ. Ojú ọ̀nà abúlé wọn kò ro ti amọ̀ rárá: ìkòkò kan fọ́ mọ́ ọn lára. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú kẹ́ẹ̀gì kan ní ahéré oko, níbi tó ń kó kẹ́míkà sí. Ó ṣan án lódò, ó gbóòórùn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Kó má baà di ọ̀rọ̀, ó tètè délé kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó da omi sínú ìkòkò amọ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó rù ú wá. Nǹkan kékeré ló rò pé òun ń fi pamọ́.

Kò sí ẹni tó rí i. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí, àjẹ́ ló pa koríko. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá. Òun kò mọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ tirẹ̀ kò rí bí àìmọ̀ ìyá. Ìyá kò ní ohun kan tó fi pamọ́. Àlá rẹ̀ pàápàá, ó sọ ọ́. Ojú ti Ọ̀ṣúndáre débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó gun ọ̀kadà dé ilé àdúrà, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Ọdẹ́, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ sọ fún un pé kẹ́míkà koríko ló mu. Èmi ni mo pọn omi yẹn. Kẹ́ẹ̀gì oko ni mo fi pọn ọ́n. Ìyá ò mọ̀ sí i."

Olúwatóyìn gbé ọmọ rẹ̀, ó sáré. Dókítà ní ìbá ti dáa tí wọ́n bá tètè sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, òun yóò sa gbogbo ipá òun. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Ọdẹ́wálé fara ti ògiri, ó sì bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bó mọ̀, bí kò mọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò ní sùn níbẹ̀ mọ́."

Ará abúlé gbọ́ ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ọ̀ṣunlọlá ní òun ti fura tẹ́lẹ̀.

Ọ̀ṣúndáre gba Ara lọ. Ó bá Ìyá Àrínọlá lórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú. Ọmọ kékeré ilé náà kan ń rá bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ké sí wọn nínú ilé pé kí wọ́n wá gbé ọmọ wọn, kí wọ́n wá gbé e kíá.

Ọ̀ṣúndáre dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú. Ó sọ gbogbo rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì, kẹ́míkà, koríko tó kú. Ìyá náà tẹ́tí sí i dáadáa, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ọmọdé.

"O fẹ́ bá mi rù ú," ni ó wí. "O ṣeun."

"Ìyá, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín rù ú. Ẹ̀yin kọ́! Èmi ni!"

"Ọkọ mi, o ò purọ́ fún mi rí láti kékeré. Nígbà tó o ní ọwọ́ mi ni, mo rò ó, mo tún un rò. Mo wá rántí. Mo rántí bí mo ṣe fò, mo rántí bí mo ṣe bà lé òrùlé wọn."

"Mo wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn! Èmi baálé ni mo sọ ọ́, mo wọ́gi lé e!" Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí nínú ilé rẹ̀ ń ké bí ọmọdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ran nǹkan kan. Ìyá Àrínọlá gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó ń gbọn eérú kúrò nínú irun rẹ̀.

"Ó tó, ọkọ mi. Dákẹ́. Ẹjọ́ tó o dá dáa. Ṣáà bá mi sọ fún wọn nílé, bí Ọ̀ṣun bá dá Pẹ̀lúmi sí, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó wá kí mi."