Ẹni Tí Wọn Ò Kà

Abẹ́ tábìlì ni Lérè ti kọ́kọ́ rí Jùwọ́nlọ́lá.

Ìsìnkú ìyá ìjọ kan ni wọ́n ń ṣe ní Igbodigo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọdẹ ti to ara wọn sẹ́yìn ilé láti yìnbọn ẹ̀yẹ fún arúgbó tó lọ. Bí ìbọn àkọ́kọ́ ṣe dún gbàù, àwọn ọmọdé hó yèè, àwọn ìyá àgbà fọwọ́ di etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé nìkan ló ṣubú lulẹ̀, tó rá pálá wọ abẹ́ tábìlì tí wọ́n gbé oúnjẹ lé, tó sì di ẹsẹ̀ tábìlì náà mú. Gèlè rẹ̀ ti tú. Etí gèlè kan ti bọ́ sínú abọ́ ọbẹ̀.

Àwọn kan fi í ṣẹ̀rín. Ẹnìkan ní kó dìde jàre, pé ìbọn òkú kì í pa alààyè. Lérè kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà ló bá wá, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni ní Òkìtìpupa, ó mọ ojú ẹni tí ẹ̀rù gidi bà. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn gba àárín àga kọjá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, tòun ti sùtánà funfun lọ́rùn, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ìjókòó rẹ̀ sí.

"Mélòó ló kù?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. Kò gbójú sókè.

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò níbi tí mò ń lọ."

Ó jókòó tì í títí ìbọn fi dákẹ́. Nígbà tí Jùwọ́nlọ́lá rá jáde, ó rí i pé ilẹ̀ pupa ti kun ìdí sùtánà náà.

"Ẹ ti ba aṣọ yín jẹ́ nítorí mi."

"Ọbẹ̀ wà létí gèlè tiyín náà," Lérè dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì."

Jùwọ́nlọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rò pé òun ní lọ́jọ́ náà. Ó ní dandan ni kí òun bá a fọ aṣọ náà. Nígbà tó dá a padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, àpá pupa ṣì hàn nídìí rẹ̀ fírífírí.

"Ẹ ò mọ aṣọ fọ̀," ni Lérè wí.

"Ilẹ̀ Igbodigo ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ má bá mi wí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ aṣọ di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, oúnjẹ di ìrìn, "ẹ" sì di "ìwọ" láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí. Lérè a máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, wọn a jọ wọ takisí, wọn a há mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì sí èyí tó bínú sí híhá nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni Jùwọ́n ń ṣe, oyè kejì. Ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí ni iye èèyàn tí ìbọn ń pa lọ́dún, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣèwádìí gbáàgúdá àti epo pupa," Lérè a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ ń ka òkú."

"Òkú náà fẹ́ kí wọ́n ka òun."

Ó fi àtẹ rẹ̀ hàn án. Nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìbọn ń pa bíi mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ́dún ní Amẹ́ríkà, ó sì lé ní ìdajì wọn tó fọwọ́ ara wọn ṣe é. Brazil ga ju ìyẹn lọ. Canada wà nísàlẹ̀ wọn dáadáa. Ní Japan, kò tilẹ̀ pé ẹyọ kan. Iye tó wà níwájú Nàìjíríà kéré, àmì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìràwọ̀. Lérè wò ó, ó yìn ín, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Kí n má fi ohun tí Jùwọ́n fi pamọ́ fún Lérè pamọ́ fún ẹ̀yin. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Kingsley. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, níbi ìsìnkú ọdẹ àgbà kan ní Erinje, ṣakabùlà bú mọ́ Kingsley lọ́wọ́. Philemon, bàbá wọn, ló ki ìbọn náà fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó pa á, ìtìjú àti ẹ̀rù ọlọ́pàá mú kí bàbá ní ọ̀kadà ni. Kò sẹ́ni tó ṣí aṣọ wò, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni Philemon ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà mọ́ nínú ilé òun. Bàbá Kingsley ni gbogbo Erinje ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó ní Bàbá Jùwọ́n ni kí wọ́n máa pe òun.

Nígbà tí ilé ìwòsàn kan ní Boston gba Lérè síṣẹ́, kò lè pa á mọ́ra dé alẹ́.

"Mi ò fẹ́ dá lọ," ó sọ fún Jùwọ́n ní ibùdókọ̀. "Fẹ́ mi, ká jọ lọ."

Jùwọ́n yíjú sí i. "Amẹ́ríkà, Lérè?"

"Mo mọ ohun tó wà nínú àtẹ rẹ. Mo lọ wò ó. Amẹ́ríkà kò rí bákan náà jálẹ̀. Massachusetts, níbi tí Boston wà, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kéré jù lọ."

"Ìwọ tó ní mò ń ka òkú!"

"Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ oníṣirò, ó yẹ kó kọ́ ìṣirò díẹ̀. Èmi olówó orí rẹ ti kọ́ ọ."

"O ò tíì san kọ́bọ̀." Ojú rẹ̀ ti ń dán. "Lọ rí bàbá mi ná."

Lérè lọ sí Erinje pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Philemon àti Rose, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé omi fún un. Bí wọ́n ṣe ń kíra, ìyá arúgbó kan ń kọjá lójú títì, ó ké pé, "Bàbá Kingsley, ẹ kúulé o!" Philemon kò dáhùn, kò tilẹ̀ yíjú. Lérè rò pé ilé kejì ni wọ́n ń kí.

Ó sọ ohun tó bá wá. Philemon gbọ́ ọ délẹ̀, ó mi orí.

"Ọma mi kan ṣoṣo rèé," ó wí. "Kò sí òmíràn. O fẹ́ ghá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn lu ọmọ iléèwé? Mo ń rí i nínú fóònù. Níhìn-ín, ìbọn kì í pa èèyàn. Ẹran là á fi í pa, òkú là á fi í yẹ́ sí."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Lérè. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í já bàbá ìyàwó nírọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí òun kọ́kọ́ gbà fún un ná, kí òun tó wá sọ ti Boston.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ó wí. "Nínú iṣẹ́ tí Jùwọ́n fúnra rẹ̀ ń ṣe, bó ṣe wà nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà pọ̀. Tiwa kò tó nǹkan. Ìbọn kì í pa èèyàn níhìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Boston..."

Àga dún gbì. Jùwọ́n ti dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde láì dágbére, Rose sì bojú sínú ìborùn rẹ̀.

Lérè bá a lẹ́bàá títì níbi tó ti ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà.

"Kí ni mo ṣe? Bàbá rẹ ni mò ń bọ̀wọ̀ fún!"

"Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà nínú àtẹ mi, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Pé... pé iye náà kò dájú."

"Pé a kì í kọ wọ́n sílẹ̀. Inú ìràwọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wà, Lérè."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

Ó sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ló sọ, lórí ìdúró, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o bá mi jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, o ò sì bi mí rí ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo ń retí kí o bi mí. Lónìí lo wá gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi, lo fi gbe bàbá mi lẹ́yìn nínú irọ́ rẹ̀." Ó gun ọ̀kadà. "Máa lọ sí Boston rẹ."

Lérè pè é, kò gbé e. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, Jùwọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Boston ń béèrè èsì. Kò dá wọn lóhùn, nítorí ó ti rí i pé lílọ láìsí Jùwọ́n kò wu òun mọ́. Ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé òótọ́ ni Jùwọ́n sọ. Òun tó ń bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn yín, kò bi olólùfẹ́ rẹ̀ rí.

Ó padà sí Erinje, òun nìkan. Philemon wà lábẹ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì. Lérè dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹyìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kingsley."

Ọwọ́ àgbà náà dúró.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Jùwọ́n ò tilẹ̀ gbé ìpè mi. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kọ́ ni mo bá wá. Mo ní níwájú yín pé ìbọn kì í pa èèyàn níhìn-ín, mi ò mọ̀ pé mò ń pa òkú ọmọ yín rẹ́. Mo wá tọrọ àforíjì. Tí ẹ bá sì lè sọ fún mi irú èèyàn tí Kingsley jẹ́, inú mi á dùn."

Ojú Philemon le. Lérè rò pé yóò lé òun.

"Ó ga jù mí lọ," ni Philemon wí. "Ó máa ń kọrin nínú oko. Kò lè jókòó jẹ́ẹ́." Ó gbé ẹyìn kan, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. "Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ki í. Mo ki ẹ̀tù yẹn pọ̀ jù. Mo fẹ́ kó dún ju ti gbogbo wọn lọ."

Rose ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, omijé ń ṣàn lórí ìka rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà, kò gbọ́ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

"Nínú ohun tí ọmọ mi ń kọ," Philemon béèrè, "ṣé Kingsley wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Lára àwọn tí ọ̀kadà pa ni wọ́n kà á mọ́."

Àgbà náà sunkún nígbà náà, ó sunkún láìbojú.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ọ̀kadà kọ́."

Nígbà tó nu ojú tán, ó bi Lérè pé, "Ibi tí ò ń lọ yẹn, ṣé ìbọn kì í pa wọ́n níbẹ̀?"

"Ó ń pa wọ́n, sà. Kò pọ̀ tó ti ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ń pa wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́."

"Ṣé wọ́n ń kà wọ́n?"

"Wọ́n ń kà wọ́n, sà."

Philemon dìde, ó bọ́ sọ́nà Òkìtìpupa pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. Níwájú ilé tí Jùwọ́n ń gbé, ó kanlẹ̀kùn, ó sọ fún ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn pé, "Sọ fún Jùwọ́n pé Bàbá Kingsley ló ń wá a." Jùwọ́n gbọ́ ohùn náà látinú yàrá. Ó sáré jáde, ó sì rí Lérè lẹ́yìn bàbá rẹ̀, èèpo ẹyìn ṣì lẹ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"O tún ti ba aṣọ jẹ́," ni Jùwọ́n wí.

"Ìwọ ni wàá fọ̀ ọ́." Lérè sún mọ́ ọn. "Mi ò béèrè nígbà yẹn. Mo ń béèrè báyìí. Sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi, látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí Jùwọ́n bá ti gbàgbé, bàbá rẹ̀ a fi kún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọwọ́ Jùwọ́n ti wà nínú ọwọ́ Lérè, Philemon sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lọ́jọ́ tí ẹbí Lérè wá tọrọ ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ Philemon gbé ìbọn wá sẹ́yìn ilé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń retí kó mi orí sí wọn kí wọ́n yìn ín. Olóòtú ètò ní kí bàbá ìyàwó dìde, kó fi ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ han àlejò.

Philemon dìde.

"Bàbá Kingsley ni wọ́n ń pè mí," ó wí. "Ọma méjì ni mo bí. Kingsley ni àkọ́bí. Ìbọn ló pa á, èmi ni mo ki ìbọn náà. Jùwọ́nlọ́lá ni èyí tí ẹ wá fẹ́. Ẹbí mi, ẹbí ọkọ, tí ẹ bá ń ka ọma mi, ẹ kà wọ́n pé."

Ìyá Lérè ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "A ti kà wọ́n pé o, Bàbá Kingsley." Philemon wo ẹ̀yìn ilé, ó sì mi orí sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìbọn wọn ti ara ògiri.

Jùwọ́n kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti gòkè dé etí. Lérè mú ọwọ́ náà, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan tirẹ̀.

"Mélòó ló kù?" ni Jùwọ́n béèrè.

"Kò ku ẹyọ kan."