Alákàn Irin Tó Ń Wá Adìẹ

Alákàn ti yọ èérún eegun tó gún Dúróṣinmí lẹ́yìn kúrò tán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ku kó tò ó, ni ó bá dúró gbagidi. Ó gbé ẹsẹ̀ irin iwájú rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń fi wọ́n tọ́ afẹ́fẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Kí ló dé?" ni Dúróṣinmí bi àwọn tó dúró tì í. Ó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, nítorí ó gbọ́dọ̀ lajú kí ó lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó mì í.

Ìbíwùmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tún jẹ́ dókítà tó ṣẹ̀dá Alákàn, ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ tó rí bí akàn, tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ibi tí a wà, kí ẹ má baà ní mo já yín sílẹ̀ sáàárín igbó. Ìlú Àgbékọ́ kò sí láyé. Òkúta ràbàtà kan ni, tó ń yí oòrùn po lókè lọ́hùn-ún. Àwọn baba ńlá wọn ló lọ kọ́lé sínú rẹ̀ nítorí irin tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Ara kì í wúwo ní Àgbékọ́. Ó ń dùn mọ́ èèyàn títí dọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ kọ, nítorí níbi tí ara ò ti wúwo, eegun a máa rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ inú tíì. Ayùn àti òòlù tí àwọn dókítà gbé wá láti ayé, ṣe ni wọ́n ń sọ irú eegun bẹ́ẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́, wọ́n á kàn sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbàdúrà. Ìsọkúsọ!

Ìdí nìyẹn tí Ìbíwùmí fi lọ bá Bàbá Ọdẹ́wálé. Ìdílé àwọn tó ń to eegun ni wọ́n ti bí bàbá yìí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ eegun rírọ̀ ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ìbíwùmí fẹ́ kí ọpọlọ irin tó wà nínú Alákàn máa wo ọwọ́ bàbá títí yóò fi mọ iṣẹ́ náà.

"Mo gbọ́," ni bàbá wí. "Àmọ́ ẹ ò ní gé iṣẹ́ baba mi lórí, kí ẹ tún gé e nídìí. Gbogbo rẹ̀ pátá ni irin yín máa wò, tàdìẹ-tàdìẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó ṣẹ́sẹ̀ wá, ẹni tó ń to eegun á fọwọ́ wá ibi tó ti ṣẹ́, á wá mú adìẹ, á ṣẹ́ òun náà lẹ́sẹ̀. Á to ti èèyàn, á to ti adìẹ, á di igi mọ́ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, wọ́n á tú igi lẹ́sẹ̀ aláìsàn. Ìbíwùmí gbà. Kí ni adìẹ fẹ́ bà jẹ́? Odidi ọdún méjì ni Alákàn fi wo bàbá. Kódà, ó kọ́ ìwà rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan bàbá lẹ́nu iṣẹ́, bàbá á gbá ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Nígbà tó yá, Alákàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọwọ́ èèyàn dànù. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí.

Àfi bí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ṣe wọ̀lú, tí wọ́n ní ara adìẹ ló ti wá. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n pa gbogbo adìẹ Àgbékọ́, Ìbíwùmí sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, o pa àwọn adìẹ mi!" ni bàbá pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn. "Kí lo fẹ́ kí n máa fi ṣiṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé adìẹ ló ń wo èèyàn sàn ni?"

"Ṣé èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀? Ó dáa. Ẹnu rẹ ti gbọ̀nà ọ̀run lọ!"

Wọn ò kí ara wọn mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí òkúta wó lu Dúróṣinmí nínú kòtò irin. Òun nìkan ló kù fún Ìbíwùmí. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ìyá wọn ti sin ọmọ kí ó tó bí i. Iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, bí wọn ò bá sì so ó kí ọjọ́ náà tó parí, kò ní rìn mọ́ láéláé. Alákàn ò tíì fọwọ́ kan alààyè èèyàn rí. Ìbíwùmí lọ kúnlẹ̀ fún bàbá. Bàbá bú u dáadáa, ó sì dìde tẹ̀lé e. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ pa gbọn-in láti inú nítorí ìdọ̀tí, ó wá ku àwọn mẹ́ta níbẹ̀ pẹ̀lú irin.

Irin yìí ló sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì báyìí, tó ń rìn káàkiri yàrá. Ó wo abẹ́ àga. Ó wo igun ilé. Ẹ̀jẹ̀ Dúróṣinmí ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó.

Bàbá Ọdẹ́wálé káwọ́ lérí. "Yéè! Adìẹ ló ń wá!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—"

"Mo ní adìẹ ló ń wá! Kò rí mi kí n to eegun láì ṣẹ́ adìẹ rí. Lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ò lè lọ síwájú!"

Ìbíwùmí ki ìka bọ ojú ọgbẹ́, ó di ẹ̀jẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè so iṣan tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Bàbá bá fò mọ́ Alákàn, ó gbá a mú. "Padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwọ irin ẹlẹ́mìí èṣù yìí! Èmi ni mo kọ́ ọ!"

Alákàn gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù bí bàbá fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá, ẹran ara ni. Ti Alákàn, irin ni. Ìka bàbá ṣẹ́ kà, kà, kà, eegun yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ta mọ́ ògiri. Bàbá wó lulẹ̀, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa.

"Àǹtí mi," ni Dúróṣinmí wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Òtútù ń mú mi. Ẹ má jẹ́ kí n kú síbí."

Ìbíwùmí wo ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Ó bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín.

"Bàbá, adìẹ tí ẹ bá ṣẹ́, ẹ máa ń to tirẹ̀ náà, àbí?"

"A máa ń tò ó," ni bàbá kérora. "Bí a bá ti ṣe ti èèyàn tán, ó kan tirẹ̀."

"Ẹ kì í gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé rí. Èwo ni ti... Ìbíwùmí! Kí lo fẹ́ ṣe? Kí lo fẹ́ ṣe, ọmọ yìí?"

Kò ráyè abẹ́rẹ́. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sọnù, ó dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ dípò adìẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbangba. Alákàn yíjú. Ó sáré wá, ó gùn ún, ó wá ibi tí ti Dúróṣinmí ti ṣẹ́ gan-an, ó sì ṣẹ́ ẹ. Igbe tí obìnrin náà ké, àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ìbàdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́.

Alákàn padà sórí tábìlì wéré. Wàyí o, iṣẹ́ yá. Ó so iṣan, ó to eegun lé eegun, ó fi àtè eegun lẹ̀ ẹ́, àtè tó ń gbẹ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó sì rán awọ pa. Bàbá Ọdẹ́wálé wò ó láti ilẹ̀ tó wà, ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni ó ń sọ. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é."

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Dúróṣinmí mì. Ó gbórí sókè. Gbogbo bí eegun ṣe ń ṣẹ́ ló ti gbọ́, kò kàn rí i ni. Ó wá rí i báyìí: bàbá nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, irin burúkú yìí sì ń rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ irin rẹ̀ sókè sí i lẹ́yìn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá ṣe?

Ó fò sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á. Ó fa òòlù yọ nínú àwo irinṣẹ́.

"Dúró!" ni bàbá kígbe. "Má fọwọ́ kàn án! Ó fẹ́ tò ó ni!"

Dúróṣinmí rò pé bàbá ń gbèjà ọmọ irin tó kọ́ níṣẹ́ ni. Ìbíwùmí fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń jù ú pé rárá, rárá. Àbúrò rẹ̀ rò pé ó ń ké sí òun fún ìrànlọ́wọ́ ni. Ó gbé òòlù, ó sọ ọ́ mọ́ Alákàn lórí. Ó tún sọ ọ́. Apá awakùsà ni apá yẹn. Ó fọ́ ọ títí ọpọlọ irin fi tú yáyá sílẹ̀, títí ẹsẹ̀ irin fi dẹ́kun jíjà, ó sì tún ń lù ú.

"Mo ti pa á, Àǹtí mi. Mo ti pa á."

Bàbá Ọdẹ́wálé bú sẹ́kún. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ìka kọ̀ọ̀kan dojú kọ ọ̀nà tirẹ̀. "Ọwọ́ tí ì bá to eegun ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Ìwọ náà wò ó."

"Ṣé... ṣé kò fẹ́ pa á ni?"

"Ó fẹ́ tò mí ni, Dúró," ni Ìbíwùmí wí. Kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Ó wólẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù irin jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń fi èyí kan tọ̀hún. "Ẹ kọ́ mi, Àǹtí mi. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, màá tò ó, ẹ kàn máa sọ ọ́ fún mi."

"Fi sílẹ̀. Kò ṣe é tò mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde. Rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, kí n rí i."

"Àǹtí mi, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Mo ní kí o rìn."

Ó dìde, ó rìn. Ó ń sunkún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó ń wò ó títí ó fi dé ibẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ṣí i, kí wọ́n wá gbé mi."