Àpò Tó Sọnù Nínú Sítíárìn

Nígbà tí wọ́n tú sítíárìn ọkọ̀ tíṣà, fóòmù ni wọ́n bá níbẹ̀. Fóòmù! Irú èyí tí à ń fi sábẹ́ ìdí! Ibi tó yẹ kí ẹ́abáàgì wà, ìyẹn àpò tó máa ń fẹ̀ lójijì kí orí awakọ̀ má baà fọ́ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, fóòmù ló jókòó síbẹ̀ bí ọ̀lẹ.

Tíṣà ti fi ọkọ̀ náà kọlu ògiri láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bẹ́líìtì ìjókòó ló dì í mú tí kò fi kú, ṣùgbọ́n egungun àgbọ̀n rẹ̀ fọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sórí bébà: “Ọkọ mi.” Ta ló tún ń wá ẹ̀rí? Ṣebí àga onífóòmù ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe! Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tì í mọ́lé.

Ínsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́ kò ní orúkọ mìíràn lẹ́nu aráàlú ju Kílódé lọ, nítorí ìbéèrè tó máa ń bi tọmọdé tàgbà nìyẹn. Ọkùnrin náà ń dá gbé. Bó bá délé, rédíò ló máa ń bi ní kí ló dé, rédíò á sì ka ìròyìn fún un.

“Kí ló dé tó o fẹ́ pa ìyàwó rẹ?”

“Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, à ń jà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń sùn ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ pa á, ṣé fóòmù ni màá wá kì síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè tètè mú mi? Ṣé mo jọ òmùgọ̀ ni?”

“O jọ ọ́ díẹ̀.”

“Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé kì í ṣe èmi. Kó lé mi jáde tó bá wù ú, àmọ́ kó má rò pé…” Ẹkún gbé ìyókù mì.

Kílódé na fóòmù náà sí i. Bí ọkùnrin náà ti yí i padà, tòun ti omijé lójú, ó pòṣé.

“Ta ló gé ìranù yìí? Ó rí ságiṣàgi bí ohun tí eku jẹ! Ọ̀bẹ gígùn la fi ń gé fóòmù, ojú rẹ̀ á sì gún régé. Ayùn irin, tí wọ́n fi ń gé páìpù ọkọ̀, ni wọ́n fi ya eléyìí. Ẹ lè pè mí ní apànìyàn, ọ̀gá, ẹ má pe èyí níṣẹ́ ọwọ́ mi!”

Kílódé padà sídìí ọkọ̀ náà. Ó rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú kun iná pupa kékeré kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń kìlọ̀ bí ẹ́abáàgì bá lábùkù. Ló bá kọrí sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tíṣà, bàbá àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Dókítà Mọ́tò. Òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ẹ́ńjìnnì kan wí bí ọmọ aláìgbọràn, ayùn irin kan sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpò aṣọ funfun kan, tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì lọ̀, wà lára ògiri nínú ọ̀rá.

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ gbé èyí kọ́ bí aṣọ ìgbéyàwó?”

Ojú bàbá tàn. “Ẹ́abáàgì ọkọ̀ ọmọ mi ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní, nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn ló wà. Lọ́dún tó kọjá, ó kọlu igi, àpò yẹn sì bẹ́ síta, ó gbà á mọ́ra. Kò fara pa rárá!”

“Ẹ kú oríire. Ọkọ̀ tíṣà tẹ́ ẹ ṣe ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn ńkọ́? Iná ẹ́abáàgì rẹ̀ tàn?”

“Kò tàn rárá, ọ̀gá! Ara ọkọ̀ yẹn le koko.”

“Kò tàn rárá?” Kílódé fa àga, ó jókòó. “Bàbá, lára ọkọ̀ tó le koko, iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀ téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, kó tó kú. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kun ún lọ́dà nìkan ló lè sọ pé kò tàn rárá. Ayùn irin yín ló gé fóòmù. Ẹ́abáàgì kì í sì í bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti ọmọ yín bá wà lára ògiri, kí ló wà nínú sítíárìn rẹ̀?”

Dókítà Mọ́tò rọra fi ìdí lélẹ̀.

“Mo wá a títí, mi ò rí rà. Ni mo bá yọ ti tíṣà fún un. Mo ní tíṣà kì í sáré…”

Kílódé tẹ àgọ́ ọlọ́pàá láago. “Ẹ tú ọkọ tíṣà sílẹ̀. Kí ẹnì kan sì lọ ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ kíákíá.” Ó wá yíjú sí bàbá. “Ṣé ọkọ̀ méjèèjì jọra? Ṣé wáyà wọn bára mu?”

“Rárá, mo kàn so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni.”

“Iná ọkọ̀ ọmọ yín wá kú?”

Bàbá ò lè gbójú sókè. “Mo kun òun náà lọ́dà.”

“Àpò yẹn ò ní ṣí láéláé, Bàbá. Fóòmù lẹ fún ọmọ tiyín náà.”

Bàbá sáré wá fóònù rẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí ọmọ náà ti pè é gbẹ̀yìn. Ó pè, kò gbé e. Ó tún pè.

“Bàbá mi! Ẹ ti ba nǹkan jẹ́!” Ohùn ọmọbìnrin náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. “Mo fẹ́ yọ sí yín lójijì ni. Mo ti wà lọ́nà, mò ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́dọ̀ yín!”

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

“Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Pa ọkọ̀, kó o sọ̀ kalẹ̀. Má wà á mọ́.”

“Háà, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Sọ̀ kalẹ̀ ná, ọmọ mi.”

Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, tó sì pa dé.

“Mo ti sọ̀. Ó yá, ẹ wá gbé mi.”

Dókítà Mọ́tò wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Kílódé.

“Mi ò ní lè wá,” ló dáhùn.